Orúkọ Ohun Tí Ń Bẹ Lẹ́nu Ògiri: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Fèrèsé, Ilẹ̀kùn àti Gíláàsì Nínú Iṣẹ́ Alumíníọ́ọ̀mù

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ọ̀làjú kó wọ inú ilé wa, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí àwa òǹkọ̀wé èdè Yorùbá wò fìrí tí a sì gbójú kúrò lára rẹ̀ bí fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àlejò kọ́kọ́ ń rí kí ó tó rí ojú onílé. Láti Èkó, àrọmisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, títí dé Ìbàdàn àti Iléṣà, kò sí ìgboro tí a kì í ti í bá ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi ayùn gé ọ̀pá funfun náà, tí wọ́n ń lu ú nihò, tí wọ́n ń fi ribẹ́ẹ̀tì dè é pọ̀, tí ọ̀gá sì ń fi èdè Yorùbá pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ẹni tí yóò bá ṣe èdè-ìperí fún iṣẹ́ yìí kò ní láti máa wá ọ̀rọ̀ kiri lójú ọ̀run: àwọn ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ń bẹ nílẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sì ń bẹ lẹ́nu gbogbo wa.

Ní agbo ilé àwọn baba wa, níbi tí ògiri alámọ̀ ti nípọn tí àwọn yàrá sì yí àgbàlá ká, fèrèsé kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Àgbàlá ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wọlé, ihò kéékèèké tí a bá sì dá sí ògiri tó fún èéfín láti bá jáde. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn fi kún ẹnu wa ju ọ̀rọ̀ fèrèsé lọ. Igi tí ó dábùú lókè ẹnu ọ̀nà ń jẹ́ àtẹ́rígbà, nítorí pé ẹni tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní láti tẹ orí rẹ̀ ba. Èyí tí ó dúró lọ́tùn-ún àti lósì ni òpó. Ibi tí a ń tẹ̀ kí a tó wọlé ni ìloro. Igi tí a sì fi ń há a láti inú ni ìdábùú. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ pẹ̀lú kò jọra wọn. Ilẹ̀kùn tí a pa dé, ará ilé lè fọwọ́ kàn án kí ó sì wọlé. Èyí tí a tì, kọ́kọ́rọ́ tàbí ìdábùú ni a ó fi ṣí i. Èyí tí a sé, onílé kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ sì rántí iyì tí ilẹ̀kùn ní láyé ìgbà náà: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì pẹ̀lú àtẹ́rígbà rẹ̀ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́ ní apá kan, ó sì fi òyìnbó aláṣẹ tí a ń gbé bọ̀ hàn ní apá kejì, iṣẹ́ náà dé ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Èdè tí ó bí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣaláìní ohun tí yóò fi pe ilẹ̀kùn tòde òní.

Fèrèsé ní ìtàn mìíràn. Bí a bá wo àwọn aládùúgbò wa létí òkun, a ó rí i pé àwọn Éwé ń pè é ní fesre, àwọn tí ń sọ Twi sì ń pè é ní mfɛnsere, ìjọra yìí sì fara hàn gbangba bí ohun tí àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù fi sílẹ̀ sí etíkun. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Bàràsílì pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n kọ́ ilé olófèrèsé gíga káàkiri Pópó Àgùdà ní Èkó, ọwọ́ wọn sì hàn nínú Mọ́sáláásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ṣáájú èyí, nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe olórí ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní 1884, fèrèsé ni ó wà lára ọkọ̀ Nóà, fèrèsé náà ni ó sì wà lójú ọ̀run. Lónìí, kò sí ìyá àgbà tí yóò gbọ́ fèrèsé tí yóò rò pé àlejò ni. Ọ̀rọ̀ tí a fi etí yá, tí a sì fi ohùn Yorùbá wẹ̀, ti di ọmọ ilé. Ohun tí a rí lára fèrèsé ni a ó fi ṣe ìdájọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti gíláàsì, ọ̀ràn rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ, ó sì yẹ kí orí wa wú sí i. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ibi tí Leo Frobenius ará Jámánì ti rí àwọn ìkòkò ìyọ́-gíláàsì ní 1910, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 jáde, wọ́n sì fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ gíláàsì tiwọn fúnra wọn, èyí tí ẹfun àti alumínà pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Alumínà yìí ni ohun tí a ń rí nígbà tí alumíníọ́ọ̀mù bá dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn; èyí ni pé èròjà méjèèjì tí a fi ń ṣe fèrèsé òde òní ti jọ wà nínú iná Ifẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kí ló dé, nígbà náà, tí a fi yá gíláàsì? Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn baba wa sọ iṣẹ́ tí a ti ṣe parí lórúkọ, wọ́n ní sẹ̀gi, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń fi sí fèrèsé dé, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kò ràn án. Dígí, tí ó jẹ́ ohun tí a fi ń wo ojú ara ẹni, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá nà dé ibẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni kí òǹkọ̀wé fi dígí mọ sí èyí tí ń fi ojú ẹni han ẹni, kí ó sì pe èyí tí a ń wo òde gba inú rẹ̀ ní gíláàsì.

Gíláàsì fèrèsé ìsinsìnyí kò jọ ti àtijọ́ mọ́. Láti ìgbà tí Alastair Pilkington ti kéde ọ̀nà tuntun rẹ̀ ní 1959 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí tánńganran yíyọ́ ni a ń da gíláàsì yíyọ́ sí kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ fúnra rẹ̀ láìsí pé a tún ń dán an. Lára irú rẹ̀ ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tẹ́ńpà, tí a kì bọ iná kọjá 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí a sì fẹ́ atẹ́gùn tútù sí lójijì. Bí ó bá fọ́, wẹ́wẹ́ ni ó ń fọ́, kì í ya ènìyàn lára bí ọ̀bẹ, a kò sì lè gé e mọ́ lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú iná. Níhìn-ín ni àìṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn lára. Bí oníbàárà bá béèrè gíláàsì tí ó lágbára, tí oníṣẹ́ sì gbé èyí tí ó nípọn fún un, olúkúlùkù rò pé òun ti gbọ́ ẹnì kejì yé. Ẹ jẹ́ kí gíláàsì nínípọn dúró fún ìwọ̀n mìlímítà, kí gíláàsì líle sì dúró fún èyí tí ó ti la iná kọjá, kí á má sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láé.

Alumíníọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ wa lọ́wọ́. Ní 1886 ni Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, tí ẹnì kìíní kò mọ ẹnì kejì, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ kúrò nínú alumínà. Kí ó tó di ìgbà náà, ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá ni. Ó fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, ikán kò lè jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ iyọ̀ etíkun kò sì lè mú un dípẹtà bí irin, nítorí pé awọ tínínrín kan máa ń bò ó fúnra rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ ìyọ́-alumíníọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní Ikot Abasi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí á máa pè é ní irin funfun. A kò fara mọ́ ọn: gbogbo irin ni ti Ògún lákáayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin funfun pọ̀ lọ́jà, páànù funfun, tánńganran funfun, orúkọ tí ó bá sì pe gbogbo wọn kò pe ọ̀kankan.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ni irú fèrèsé. Lúfà ni ó kọ́kọ́ gbòde, àwọn awẹ́ gíláàsì tí a to léra tí a ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí padà. Ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n olè lè yọ awẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìpariwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sláídìn dé, lẹ́yìn náà ni káséméntì, lẹ́yìn èyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní pròjẹ́tẹ́ẹ̀dì. Lúfà ti di ti wa. Kò sí àǹfààní nínú kí á lé e jáde. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ahọ́n ń kọsẹ̀ lára wọn, tí ọmọ iṣẹ́ kan ń pè báyìí tí èkejì ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn, tí onílé kò sì mọ èyí tí òun ń sanwó fún. Bí a bá bi ọwọ́ léèrè ohun tí ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí a ń fà lórí ojú irin sọ́tùn-ún tàbí sósì ni fèrèsé àfàṣí, ilẹ̀kùn irú rẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn àfàṣí. Èyí tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí ó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ni fèrèsé aláwẹ́, ó lè jẹ́ aláwẹ́ kan tàbí aláwẹ́ méjì, nítorí pé bí obì ti ń là ní awẹ́ ni òun náà ń là. Èyí tí a so mọ́ òkè, tí a ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, ni fèrèsé àtìsóde, ó sì yẹ fún ilẹ̀ olójò bí tiwa, nítorí pé ó lè wà ní ṣíṣí nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láìjẹ́ kí omi wọlé. Orúkọ wọ̀nyí ń sọ ìwà ohun náà fún oníbàárà: ẹni tí ó bá mọ̀ pé àfàṣí onígíláàsì méjì ni òun ń rà yóò mọ̀ pé gíláàsì kan yóò máa wọ ẹ̀yìn èkejì, àti pé ìdajì ihò ògiri nìkan ni yóò máa gba afẹ́fẹ́ wọlé nínú ooru oṣù kẹta. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Bí ó bá sì la ìdajì ẹnu, ìdajì afẹ́fẹ́ ni onílé yóò rí.

Ní ti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, férémù ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n apá òkè rẹ̀ kò yẹ kí ó ní orúkọ mìíràn ju àtẹ́rígbà lọ, òpó sì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nẹ́ẹ̀tì kò yẹ kí ó gba ipò àwọ̀n, tí apẹja ti ń lò láti ayébáyé. Rọ́bà, rólà àti gọ́ọ̀mù kò ní ìjà kankan pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n bọ́gúlárì, tí gbogbo Nàìjíríà fi ń pe irin tí a fi ń dí ojú fèrèsé, jẹ́ orúkọ ìwà ọ̀daràn ní èdè tí a ti yá a. Irin ààbò sàn jù, ó sì yé tọmọdé tàgbà.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ ìperí ṣàjèjì sí wa. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò títí dé ìwé kẹfà. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ìkejì ní 1990. Ìwé ọ̀rọ̀ aṣòfin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá sì jáde ní 1991. Yàrá ìkàwé àti ilé aṣòfin ni a ṣe ìwọ̀nyí fún. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà a bẹ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù pé kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò níwájú ọ̀pá àti gíláàsì gan-an, kí wọ́n gba èyí tí ó dára, kí wọ́n tún èyí tí kò gún ṣe, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ìwé pélébé tí ọmọ iṣẹ́ lè fi sápò.