"Sorry" àti Pẹ̀lẹ́: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan Láàrin Òyìnbó àti Àwa

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá fún àyẹ̀wò lónìí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí a torí rẹ̀ gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892. "Sorry" ni ọ̀rọ̀ náà, èyí tí àwa sọ di sọ́rì.

Nígbà tí mo ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó kan tí a jọ ń kàwé da tíì gbígbóná sí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kíá ni mo ní, "Sorry." Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì bi mí bóyá èmi ni mo ti ife náà. Mo ní rárá. Ó ní kí ni mo wá ń tọrọ àforíjì fún? Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí tí mo ti tọ ipa ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kò yẹ kí ojú tì mí.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni ó jẹ́, láti ara sār, tí ó túmọ̀ sí egbò tàbí ìrora. Sār yìí kan náà ni ó di "sore" òde òní. Ìbátan rẹ̀ sì ni sehr, tí àwọn ará Jámánì fi ń sọ pé nǹkan pọ̀ jọjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ọmọ ìyá kan ni òun àti "sorrow". Kò rí bẹ́ẹ̀; gbòǹgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti hù, ìjọra ohùn ni ó fà wọ́n mọ́ra. Ẹni tí ó bá jẹ́ sārig ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ẹ̀bi kò sí níbẹ̀. Pé kí ènìyàn dá "Sorry" sọ ní òun nìkan láti fi tọrọ àforíjì, àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni.

Ní Ìrolú, níbi tí ìyá ìyá mi ti tọ́ mi, bí arúgbó bá fẹsẹ̀ kọ pẹ̀lú agbọ̀n obì lórí, gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá!" Ẹni tí ó bá dákẹ́ ni wọn yóò máa wò bí ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́. Pẹ̀lẹ́ yìí kò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ó ń sọ fún arúgbó náà pé a rí i, ó sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó rọra. Ọ̀rọ̀ ìrọra gan-an ni: a ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ń fi pẹ̀lẹ́ kí ẹni tí a bá pàdé lọ́nà, a sì ń yin oníwàpẹ̀lẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé ní 1975 lórí ipò tí ìwàpẹ̀lẹ́ wà nínú ẹsẹ Ifá. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn Haúsá, tí èdè wọn kò bá tiwa tan, ń sọ sannu fún aláìsàn, wọ́n ń fi sannu kí ènìyàn, sannu-sannu sì ni ìrìn jẹ́jẹ́ lẹ́nu wọn. Lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pole ni elédè Swahili fi ń bá ẹni tí ó fara pa kẹ́dùn, polepole sì ni jẹ́jẹ́. N kò sọ pé ọ̀kan yá a lọ́wọ́ èkejì o.

Nígbà tí a wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, pẹ̀lẹ́ ni a gbé ẹ̀wù "sorry" wọ̀. Olùkọ́ mi kan a máa fi yíǹkì pupa fa igi sí i nínú ìwé wa. Kò mọ̀ pé ìtumọ̀ àtijọ́ ni a dá padà fún ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú." Nígbà mìíràn yóò rán àgbà kí wọ́n bá òun bẹ̀bẹ̀. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti gbà, ìjà parí. Kì í tún fa ìwé àdéhùn yọ lábẹ́ agbádá.

Ìdí nìyí tí ọ̀ràn 1891 fi ń jẹ mí lọ́kàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Captain Denton, tí ó ń ṣe adelé gómìnà Èkó, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bá Awùjalẹ̀ Túnwàṣe sọ̀rọ̀ lórí ṣíṣí ọ̀nà fún òwò. Ó kó ọmọ ogun Haúsá dání. Ó kó ẹ̀bùn dání pẹ̀lú. Awùjalẹ̀ kọ ẹ̀bùn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é ní àfojúdi, wọ́n ní dandan ni kí Ìjẹ̀bú tọrọ àforíjì. Ní oṣù kìíní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ dé Èkó, wọ́n sì tọrọ àforíjì náà níwájú Gómìnà Carter. Lójú tiwa, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni ó tẹ̀ lé e: kí ọ̀nà ṣí, kí owó ibodè dópin, kí ìjọba máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ náà kọ̀ láti fọwọ́ kan kálàmù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé Èkó ni ó fọwọ́ sí i nítorí wọn. Mo gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti bẹ̀bẹ̀. Wọn kò rí ìdí tí ẹ̀bẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà wọn lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí Èkó ní Ìjẹ̀bú ti ba àdéhùn jẹ́, Colonel Scott kó ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, ó ṣẹ́gun ní Ìmagbọn, ó sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1894, Akárìgbò fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fi Rẹ́mọ tiwa sábẹ́ ìjọba Èkó.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìjọba kan náà ṣe ṣe nígbà tí ọ̀ràn kàn án. Ní oṣù kọkànlá 2006, Tony Blair, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé òwò ẹrú ba òun nínú jẹ́ gidigidi. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ní èyí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀; ó di oṣù kẹta 2007 kí ó tó lo "sorry". Wọ́n kúkú mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ṣáájú èyí, ní 1999, Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ nítorí ipa tí àwa Áfíríkà kó nínú òwò náà.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí àwọn ènìyàn mi ní Ìrolú, mo sì fẹsẹ̀ kọ ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọdékùnrin kan sáré wá, ó ní, "Sọ́rì, sà." Kò pẹ́ tí ó fọ́ ife omi tí ó ń gbé bọ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ má bínú, sà."