Orúkọ Ọjọ́ Ìbí: Bí Kofi àti Kwasi Ṣe Rékọjá Òkun

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ni àwọn àgbà wa wí. A sì ti lo òwe náà títí tí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn láyé tí ènìyàn lè gbà sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Akan, tí wọ́n pọ̀ ju ẹ̀yà yòókù lọ ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí wọ́n sì tún wà ní Ivory Coast, kì í kọ́kọ́ wo ilé. Ọjọ́ ni wọ́n ń wò. Bí ìyàwó bá bí ọmọkùnrin lọ́jọ́ Ẹtì, Kofi ti ni orúkọ rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ti oko dé. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Afua ni. Ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Orúkọ tí bàbá yóò fún ọmọ náà ní ọjọ́ kẹjọ ni a lè fi wé orúkọ àbísọ tiwa. Ti àkọ́kọ́ sún mọ́ àmútọ̀runwá, bíi Táíwò, Ìgè tàbí Àjàyí, nítorí pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn orúkọ náà bí àwọn Asante ṣe ń pè wọ́n, nítorí a ó tún pàdé wọn ní òkè òkun. Ọmọ ọjọ́ Àìkú ni Kwasi àti Akosua. Ti ọjọ́ Ajé ni Kwadwo àti Adwoa. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kwabena àti Abena. Ti Ọjọ́rú, Kwaku àti Akua. Ti Ọjọ́bọ̀, Yaw àti Yaa. Ti ọjọ́ Ẹtì, Kofi àti Afua. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kwame àti Ama. Àwọn Fante etí òkun a máa yí ohùn padà díẹ̀: wọ́n á ní Kojo, Kwamina, Efua. Àwọn Ewe náà ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Koffi àti Kodjo fi kún ìgboro Lomé ní Tógò.

Kra din ni Akan ń pe orúkọ yìí. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó sábà máa ń sọ pé ọkàn ni kra, ṣùgbọ́n lójú tèmi, orí ló bá a mu jù lọ nínú èdè wa: ohun tí ènìyàn gbà lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá kí ó tó wá sáyé, tí yóò sì padà sọ́dọ̀ Ẹni tó fún un nígbà ikú. Ọjọ́ tí kra bá wọ ayé ni yóò máa jẹ́. Àwọn Akan kò sì yọ Ọlọ́run pàápàá sílẹ̀. Onyankopon Kwame ni wọ́n ń pè é, èyí tó fi hàn pé Àbámẹ́ta ni ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Asante, Asase Yaa ni ilẹ̀ ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kì í fi í roko ní Ọjọ́bọ̀ láyé àtijọ́. Alántakùn ọlọ́gbọ́n àrékérekè inú àlọ́ wọn ni Kwaku Ananse, ọmọ Ọjọ́rú. Ẹ wò ó, alántakùn ní ọjọ́ ìbí. Ìjàpá tiwa kò ní.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ wúlò ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Àlùfáà Kátólíìkì tó ṣe ìrìbọmi fún Kwame Nkrumah kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n bí ọmọ náà ní abúlé Nkroful, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Nínú ìwé tí Nkrumah kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1957, ó fi ìwé àlùfáà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mú Àbámẹ́ta tó sún mọ́ ọn, èyí tí í ṣe ọjọ́ 18 oṣù náà.

Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń kó àwọn Akan lẹ́rú láti etí òkun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Gold Coast, láti odi Elmina, Cape Coast àti Kormantin, lọ sí Barbados, Jàmáíkà, Súrínámù, Gùyánà, títí dé New York. Ẹrú tó bá dé oko ìrèké máa ń gba orúkọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó rà á: Caesar, Pompey, Cato, Venus, àwọn orúkọ Róòmù àtijọ́ tí àwọn olówó ẹrú fi ń dá ara wọn lára yá, bí ẹni ń sọ ajá lórúkọ. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ṣí àwọn ìwé tí àwọn olóko fi ń ka ẹrú wọn pọ̀ mọ́ màlúù àti ìbaaka, yóò rí àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Akan níbẹ̀ lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

Ẹnì kan tó kọ gbogbo wọn sílẹ̀ ni Edward Long, olóko kan tó gbé Jàmáíkà, tó sì tẹ ìwé ìtàn erékùṣù náà jáde ní 1774. Long kórìíra ènìyàn dúdú débi pé ìwé rẹ̀ ṣòro láti kà láìbínú. Ṣùgbọ́n òun náà ló fi àwọn orúkọ mẹ́rìnlá náà sílẹ̀ fún wa bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ wọn: Quashee àti Quasheba fún ọjọ́ Àìkú, Cudjoe àti Juba fún ọjọ́ Ajé, Cubbenah àti Beneba, Quaco àti Cuba, Quao àti Abba, Cuffee àti Phibba, Quamin àti Mimba. (Cuba ibí yìí kì í ṣe erékùṣù tí gbogbo wa mọ̀, Akua ni, obìnrin tí a bí ní Ọjọ́rú.)

Kí ló fà á tí àwọn orúkọ wọ̀nyí fi yè nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn parẹ́? Mo rò pé ohun tó gbà wọ́n là ni pé wọn kò nílò àgbà, wọn kò nílò àwo ìsọmọlórúkọ, wọn kò nílò ilé kankan tí a ó wò. Orúkọ Yorùbá bí Adéwálé ń fẹ́ ilé tí adé yóò wá. Ní oko ìrèké, ta ló ní ilé? Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Àwọn olówó ẹrú fúnra wọn ló ń ka ọ̀sẹ̀ fún un, nítorí pé Kristẹni ni wọ́n, wọ́n sì mọ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́. Orúkọ Akan gun orí kàlẹ́ńdà òyìnbó, ó sì ń lọ. Ó tún rọrùn fún etí wọn. Ìyá á pe ọmọ rẹ̀ ní Phibba, ìyàwó olóko á gbọ́ Phoebe. Wọ́n á pe ẹnì kan ní Cudjoe, akọ̀wé oko á kọ Joe sílẹ̀. Olúkúlùkù mọ ohun tí òun pè.

Mo máa ń fi èyí wé ìtàn Robinson Crusoe tí Daniel Defoe tẹ̀ jáde ní 1719. Crusoe pe ìránṣẹ́ rẹ̀ ní Friday, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ọjọ́ náà ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọkùnrin náà ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé rẹ̀. Crusoe kò bi í léèrè. Kofi ń sọ ọjọ́ tí ènìyàn wá sáyé. Friday ń sọ ọjọ́ tí ẹlòmíràn di olówó orí rẹ̀.

Àwọn tó jẹ́ orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ní 1739, lẹ́yìn ogun ọdún gbọọrọ nínú igbó àti orí òkè Jàmáíkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tọrọ àdéhùn àlàáfíà lọ́wọ́ Cudjoe, olórí àwọn Maroon, ìyẹn àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Lára àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ni Cuffee àti Quaco. Nígbà tí ó yá nínú ọdún kan náà, Quao ló ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọjọ́ Ajé àti ọmọ Ọjọ́bọ̀ ṣe jókòó síwájú aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì. (Àdéhùn náà ní abẹ̀bẹ̀ méjì o: ó sọ àwọn Maroon di òmìnira, ó sì sọ wọ́n di ẹni tí yóò máa mú ẹrú tó bá sá, kí wọ́n sì dá a padà.) Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1763, àwọn ẹrú Berbice, tó wà lábẹ́ àwọn òyìnbó Họ́láńdì nígbà náà, dìde. Cuffy ló di olórí wọn. Wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, Cuffy sì ń kọ lẹ́tà sí gómìnà van Hoogenheim pé kí àwọn pín in sí méjì. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì yìí ni Gùyánà yàn láti di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ ní 1970. Ní 1823, ní Demerara tí kò jìnnà síbẹ̀, Quamina, díákónì nínú ìjọ, bẹ àwọn ẹrú tó dìde pé kí wọ́n má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n so òkú rẹ̀ kọ́ fún àwọn ènìyàn láti máa wò.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni akọni. Kwasi kan wà ní Súrínámù, oníṣègùn tó mọ igi kíkorò kan tó ń wo ibà. Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko ará Sweden, fi orúkọ rẹ̀ sọ igi náà, Quassia, èyí tí àwọn oníṣègùn gbogbo ayé ṣì ń pè é dòní. Àwọn Saramaka tó sá wọ igbó ní ìtàn mìíràn nípa rẹ̀: wọ́n ní amí àwọn òyìnbó ni, àwọn sì gé etí rẹ̀ kan kó tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin Akan kan tó ń jẹ́ Kofi di ẹrú ìdílé Slocum, wọ́n sì ń pè é ní Cuffe Slocum. Ó gba òmìnira, ó fẹ́ obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ Wampanoag, ó bí ọmọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Paul, ọmọ rẹ̀, kọ Slocum sílẹ̀, ó sì sọ orúkọ ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀ di orúkọ ìdílé. Paul Cuffe yìí di ọlọ́kọ̀ ojú omi, òun ló sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ènìyàn dúdú 38 padà sí Freetown ní 1815 sí 1816. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí tirẹ̀, Ọjọ́rú ni. Kwaku ni ì bá máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló bìkítà? Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fẹ́.

Ohun tó wá ba orúkọ wọ̀nyí jẹ́, ẹ̀rín ni. Ní Jàmáíkà, Quashie kúrò ní orúkọ, ó di èébú: òmùgọ̀, ará oko tí kò lajú. Àwọn olóko ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pe gbogbo ẹrú tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Quashie, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ló wá ń fi bú ara wọn. Wọn kò ṣe òfin kan pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ Kwasi mọ́. Ìyá kan kàn rò ó pé wọn yóò fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sọ ọ́ ní William.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn yìí kò jìnnà sí tiwa. Nígbà tí wọ́n ri Àjàyí ọmọ Òṣogùn bọmi ní Freetown ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n fún un, Samuel Crowther. Kò sọ Àjàyí nù ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran tó tẹ̀ lé e ń dàgbà ní Èkó, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju Johnson, Vincent tàbí Davies lọ, ó sì di ohun ìyanu nígbà tí David Brown Vincent, olórí kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1894, tó ń jẹ́ Mojola Agbebi. Lónìí ẹ̀wẹ̀, Fábùnmi ń di Olúbùnmi, Èṣùbíyìí ń di Jésùbíyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pààrọ̀ orúkọ wọ̀nyí ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìwàásù nípa rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ Áfíríkà padà ní nǹkan bí 1960 sókè, orúkọ Akan wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Stokely Carmichael, tí wọ́n bí ní Trinidad, di Kwame Ture, ó fi bọlá fún Nkrumah àti Sékou Touré ti Guinea. Mo yẹ kàlẹ́ńdà wò. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1941 ni wọ́n bí i, ọjọ́ Àìkú. Bí a bá tẹ̀ lé àṣà Akan, Kwasi ló yẹ ẹ́, Quashie tí wọ́n fi ń bú ènìyàn ní erékùṣù yẹn.

Ìlú Accompong, tó ń jẹ́ orúkọ arákùnrin Cudjoe, ṣì wà lórí òkè ní ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, àwọn Maroon máa ń pé jọ síbẹ̀, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á fun ìwo abeng, wọ́n á sì se ẹlẹ́dẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ ìbí Cudjoe ni wọ́n ń ṣe. Ìwé kankan kò sọ ọdún tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Akan mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni.