Iye Ọjọ́ Bíà Nínú Àgbá Àkọ́kọ́

Inú àgbá àkọ́kọ́ ni omi ọkà ti ń di bíà. Wọ́n á se omi ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù pẹ̀lú òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù. Bí omi rẹ̀ bá tutù, wọ́n á da ìwúkàrà sí i, ìwúkàrà yóò sì máa jẹ àdídùn ibẹ̀, yóò máa sọ ọ́ di ọtí. Ọjọ́ mélòó ló yẹ kó lò kí wọ́n tó dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ti yí padà léraléra.

Ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì, ojú ọjọ́ ló ń dáhùn. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1516 ní kí bíà jẹ́ ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan. Kò dárúkọ ìwúkàrà, nítorí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ooru ń ba bíà jẹ́. Ní 1553, wọ́n fòfin de ọtí pípọn láti 23 oṣù Kẹrin sí 29 oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà òtútù ló wá kù, ìwúkàrà tó sì lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù kì í kánjú: ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú àgbá àkọ́kọ́, kí bíà tó lọ sinmi fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú àjà ilẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá mọ ohun tí ìwúkàrà jẹ́: Louis Pasteur tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876. Ní 1883, Emil Christian Hansen ya ẹ̀yà ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ bíà Carlsberg, ní Copenhagen.

Ìmọ̀ yìí pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn ọtí nílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àṣẹ tí òfin 1880 béèrè lọ́wọ́ wọn kò kásẹ̀ nílẹ̀ àfi ní 1963. Ní Amẹ́ríkà, 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó bu ọwọ́ lu òfin tó fàyè gbà wọ́n.

Nígbà náà, málítì inú agolo ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ìwúkàrà gbígbẹ tó sábà máa ń ti pẹ́ lórí àtẹ. Ìbẹ̀rù wà pé bí irú ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ bá kú tó sì jẹrà, bíà yóò máa dà bí omi ẹran lẹ́nu. Ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ ni pé kí bíà má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú korobá àkọ́kọ́, kí wọ́n fà á sínú ìgò ńlá kejì. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán ní ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí ìwúkàrà ti ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ àgbá irin gíga, tí bíà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ooru sì mú un. Nínú korobá lítà 20, ṣe ló kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Kíkánjú gan-an ló ń ba bíà ilé jẹ́. Bí ìwúkàrà bá jẹ àdídùn tán, ó tún máa ń gba àwọn èròjà tó ti tú jáde níbẹ̀rẹ̀ padà, àwọn tó ń mú bíà rùn bíi bọ́tà tàbí ápù tí kò pọ́n. Ẹni tó bá dà á kúrò ní ọjọ́ karùn-ún ti lé òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó parí, ó sì ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú bíà.

Bí ìwúkàrà ọjà ṣe ń dára sí i, ọ̀pọ̀ apọntí ilé wá ń fi bíà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lójú kan. Haidirómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí omi ṣe ki tó, ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó tó: bí òǹkà rẹ̀ kò bá yí fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìwúkàrà ti ṣe tán. Ẹni tó bá rọ ọ́ sígò ṣáájú ìgbà náà, ìgò lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti lambic, bíà tí wọ́n ń pọn lágbègbè Brussels. Ọdún kan sí mẹ́ta ló ń lò nínú àgbá igi kan náà, lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, òkú ìwúkàrà àkọ́kọ́ sì jẹ́ oúnjẹ fún ẹ̀yà mìíràn tó ń fún bíà náà ní adùn tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́.