Ìyà, Ìbáwí àti Ẹ̀san: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìjìyà Ẹ̀ṣẹ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Àwọn Kristẹni

Ní ọdún 1850 ni ìtumọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther ṣe sí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá, ìwé díẹ̀ ló sì wà nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ọ̀rọ̀ ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àpọ́sítélì náà ti ṣàlàyé ìbínú Ọlọ́run, ẹ̀bi ọmọ ènìyàn, ìdálẹ́bi, ìdáláre àti ikú tí ẹ̀ṣẹ̀ ń fà. Dandan ni kí a rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó sì jẹ́ èyí tí àgbẹ̀ Abẹ́òkúta tí kò mọ̀wé rárá yóò gbọ́ ní àgbọ́yé. Crowther àti àwọn tó bá a ṣe iṣẹ́ náà, bíi Thomas King, kò dá ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka yìí. Ibi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, ojú ẹbọ, ọjà àti inú ilé ni wọ́n ti lọ ṣa èyí tó ti wà nílẹ̀, wọ́n sì gbé e wọ inú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú gbogbo ìtumọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ àtẹ̀yìnwá wọ̀nyẹn kò dákẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìwàásù títí di òní, nígbà mìíràn wọ́n sì ń sọ ohun tí oníwàásù kò ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló rọrùn jù láti rí. Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń dá ẹjọ́ níwájú baálé, ìjòyè àti ọba, wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹni méjì bá gbé ẹjọ́ wá, ẹnì kan ni yóò gba àre tí ẹ̀bi yóò sì jẹ́ ti ẹnì kejì. Inú èyí ni dídá láre àti dídá lẹ́bi ti wá, ìyẹn ni pé kí adájọ́ la ẹnu sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rọrùn yìí ti gbè sẹ́yìn apá kan nínú ìjà tó pín ìjọ Yúróòpù sí méjì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Martin Luther àti àwọn tó tẹ̀ lé e kọ́ni pé ńṣe ni Ọlọ́run ń kéde ẹlẹ́ṣẹ̀ ní olódodo nítorí Kristi. Ìgbìmọ̀ Trent dáhùn ní ọdún 1547 pé Ọlọ́run ń sọ ọ́ di olódodo nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú, nípa oore-ọ̀fẹ́ tí ó ń dà sí i lọ́kàn. Dídá láre kò ní ààyè fún èkejì yìí, nítorí ẹni tí ọba dá láre lè padà sílé pẹ̀lú ìwà tó gbé wá. Ìdí nìyí tí olùkọ́ni Kátólíìkì tó ń sọ Yorùbá fi ní láti fi ìsọdimímọ́ kún ìdáláre kí ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ tó pé.

Irú ìgbèjà bẹ́ẹ̀ tún hàn gbangba nínú ètùtù. Ètùtù ni ohun tí a fi ń tu ẹni tí inú ń bí lójú, pàápàá òrìṣà tàbí àwọn alálẹ̀ tí a ti ṣẹ̀. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú tàbí tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, babaláwo yóò dá Ifá, yóò sì sọ ohun tí a ó fi ṣe ètùtù kí ara ìlú lè tù. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn olùtumọ̀ fi dúró fún ohun tí àlùfáà Ísírẹ́lì ń ṣe nínú ìwé Léfítíkù, òun náà ni wọ́n sì fi dúró fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò fún ikú Kristi nínú orí kẹta ìwé Róòmù àti èyí tí Jòhánù lò nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún 1930, C. H. Dodd, ọ̀mọ̀wé ará Britain, jiyàn pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà kò sọ nípa bíbá Ọlọ́run rọ̀ bí kò ṣe pípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Leon Morris ará Ọsirélíà dá a lóhùn nínú ìwé kan ní ọdún 1955 pé ìbínú Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò sì lè yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà tí ètùtù ti wọ Bíbélì ni Yorùbá ti wà lẹ́yìn Morris, ó ju ọgọ́rin ọdún lọ kí wọ́n tó bí àríyànjiyàn náà.

Ètùtù tọ̀nà, kò sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí olùkọ́ni máa sọ mọ́ ọn nígbà gbogbo. Níwájú òrìṣà, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń wá ẹran, ló ń wá epo, ló ń wá owó. Ẹni tí a ṣẹ̀ ń retí ni. Nínú ẹ̀kọ́ Jòhánù, ẹni tí a ṣẹ̀ gan-an ló pèsè ètùtù, nítorí ìfẹ́ tó ní sí àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí a kò bá sọ èyí, etí tó ti mọ ètùtù tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ pé Ọmọ ń bẹ Baba tó ń bínú kí ó má pa wá, ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì ya Baba àti Ọmọ nípá.

Ní ti ọ̀run àpáàdì, àwọn olùtumọ̀ ṣe iṣẹ́ tó dára ju èyí tí àwọn ènìyàn ń yìn wọ́n fún lọ. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi tú Hédíìsì, ìyẹn ibùgbé gbogbo òkú, àti Gẹ̀hẹ́nà, ibi tí Jésù sọ pé iná wà fún àwọn aṣebi, ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ló sì ti ibẹ̀ wá. Yorùbá ní ipò òkú fún ti àkọ́kọ́ àti ọ̀run àpáàdì fún ti èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ní Yorùbá kò ní ṣi ibi tí Jésù sọ̀kalẹ̀ lọ gbé fún ilé iná. Àpáàdì fúnra rẹ̀ ni ìkòkò tó ti fọ́, tí kò ṣe é pọn omi tàbí se ọbẹ̀ mọ́. Àfọ́kù rẹ̀ náà ni àwọn ìyá máa ń fi fọn iná láti ilé aládùúgbò láyé àtijọ́. Ó wá bá Gẹ̀hẹ́nà mu lọ́nà tó yani lẹ́nu. Gẹ̀hẹ́nà ni àfonífojì Hínómù, ní gúúsù Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn kan ti ń sun ọmọ wọn nínú iná fún Mólékì kí Ọba Jòsáyà tó sọ ibẹ̀ di àìmọ́. Gẹ́gẹ́ bí orí kọkàndínlógún ìwé Jeremáyà ti sọ, ẹnu ibodè tí orúkọ rẹ̀ lédè Hébérù ń jẹ́ Ibodè Àpáàdì ni wòlíì náà gbà dé àfonífojì yìí, ó sì fọ́ ìṣà amọ̀ kan mọ́lẹ̀ lójú àwọn àgbààgbà láti fi hàn wọ́n bí Ọlọ́run yóò ṣe fọ́ ìlú wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀run àpáàdì kò ti ọwọ́ olùtumọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Èṣù ni baálé ibẹ̀, òun ló sì ń fi ìyà jẹ àwọn tó wọlé, bẹ́ẹ̀ Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ pé nítorí rẹ̀ àti àwọn áńgẹ́lì rẹ̀ ni a ṣe pèsè iná náà. Ẹlẹ́wọ̀n ni ẹ̀kọ́ Kristẹni pè é, kò pè é ní wọ́dà.

Orí Mátíù yẹn kan náà ló fi ìyà àìnípẹ̀kun àti ìyè àìnípẹ̀kun kọjú sí ara wọn. Ó ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá pé fáwẹ̀lì kan péré ló ya àyànmọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, etí kò sì lè gbọ́ ọ̀kan kó má rántí èkejì. Àìnípẹ̀kun túmọ̀ sí èyí tí kò ní òpin rárá, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí sànmánì ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún ti wá, Origen, ní ọ̀rúndún kẹta, sì ní ìrètí pé lọ́jọ́ kan ohun gbogbo yóò padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Augustine, nínú apá kọkànlélógún ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, sọ pé bí ìyè kò bá lópin, ìyà náà kò gbọ́dọ̀ lópin, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún méjèèjì. Augustine ni àìnípẹ̀kun ń sọ. Àwọn Adventist àti àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tí wọ́n gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò parun ni, kì í ṣe pé yóò máa joró, kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tiwọn nínú Bíbélì Yorùbá, nítorí ègbé, ìparun àti ikú kejì wà níbẹ̀.

Bí a bá yíjú sí ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, Hébérù ní oríṣi orúkọ mẹ́ta tó máa ń tò fún un, Sáàmù kọkànléláàádọ́ta sì kó wọn jọ: Yorùbá pè wọ́n ní ìrékọjá, àìṣedéédé àti ẹ̀ṣẹ̀. Ìrékọjá níbí ni pé kí ènìyàn ré òfin kọjá. Àmọ́ ìrékọjá tún ni orúkọ àjọ tí àwọn Júù fi ń rántí òru tí ìyà Íjíbítì ré ilé wọn kọjá, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ́ ìwà tó fa ìbínú àti òru tí ìbínú fò wọ́n dá. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé ní Bíbélì gbọ́dọ̀ là á yé wọn. Àìṣedéédé ní ìṣòro tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún ń jẹ́ ìwà burúkú, ó ń jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, ó sì tún ń jẹ́ ìyà tó tẹ̀ lé e. Òun ni Káínì sọ nígbà tó kígbe pé ohun tó wà lọ́rùn òun ti pọ̀ jù láti rù. Kí gbólóhùn náà tó lè yéni, àwọn olùtumọ̀ ní láti fi ìyà àti ẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àpólà ọ̀rọ̀ tó mọ́ kedere, ìbá sì dára kí wọ́n ti máa lò ó báyìí níbi gbogbo.

Wọn kò lò ó báyìí níbi gbogbo, nítorí ìyà lásán ni ọ̀rọ̀ tó yá lẹ́nu jù, inú rẹ̀ ni ìṣòro tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sì wà. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ní ìyà ń jẹ òun. Aláìsàn tó ti pẹ́ lórí ibùsùn ń jìyà. Ọmọ tí olùkọ́ nà lẹ́gba, wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Olè tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n náà ń jìyà. Ìyà kò béèrè bóyá ẹni tí òun ń jẹ ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bóyá ẹnì kan ló fi jẹ ẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ó ń dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mú kí wọ́n bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, ó sì fèsì pé kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, ó sọ pé wọn kò jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Elífásì, Bílídádì àti Sófárì takú mọ́ Jóòbù pé ó ti ní láti ṣẹ̀ kí irú rẹ̀ tó lè dé bá a, Ọlọ́run sì bá wọn wí ní ìparí ìwé náà. Ẹni tó bá sọ pé Jóòbù jìyà ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yìí lẹ́yìn láìmọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìpọ́njú dé bá Jóòbù kò dá a lẹ́bi.

Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ pàápàá ní in nínú. Èdè Látìn sọ pé Jésù fara da ìrora lábẹ́ Pọ́ńtíù Pílátù, kò sì mẹ́nu ba ìdálẹ́bi. Yorùbá sọ pé ó jìyà. Àwọn tó tẹ̀ lé John Calvin, tí wọ́n gbà pé Kristi gba ìdájọ́ tó tọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ipò rẹ̀, yóò rí ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀, àwọn Kristẹni mìíràn kò sì ní mọ̀ pé ìtumọ̀ ló fún wọn ní i.

Ọ̀rọ̀ ìyà tún bo ìyàtọ̀ kan tí àwọn Gíríìkì kà sí púpọ̀ mọ́lẹ̀. Aristotle kọ ọ́ pé oríṣi méjì ni fífi ìyà jẹni: èyí tí a ṣe nítorí ẹni tó ń jẹ ẹ́, kí ó lè tún ìwà ṣe, àti èyí tí a ṣe kí inú ẹni tí a ṣẹ̀ lè rọ̀. Clement ará Alẹkisáńdíríà di ìyàtọ̀ yìí mú, ó ní ti àkọ́kọ́ nìkan ni Ọlọ́run ń ṣe. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ni Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lò, orúkọ ti èkejì sì ni ìwé Hébérù orí kẹwàá lò. Ìyà ni Bíbélì Yorùbá pe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ìbáwí, láti inú bíbá ẹni wí, ni ohun tí òbí ń ṣe fún ọmọ tó fẹ́ràn, ó sì ti wà nínú orí kejìlá ìwé Hébérù kan náà. Ẹ̀san ni sísan ohun tí ènìyàn ṣe padà fún un, rere tàbí búburú, èyí tí àwọn àgbà sọ pé kò gbóògùn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìyàtọ̀ Aristotle ti dín kù nígbà ayé Mátíù, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbáwí rọ́pò ìyà nínú orí yẹn pẹ̀lú ìgboyà. Ó yẹ kí olùkọ́ni mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà wà, kó sì sọ èyí tí òun gbà gbọ́ ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún ẹni tó ń tú Bíbélì, ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi àti ẹni tó ń wàásù níbi ìsìnkú ọmọdé ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìyà dá dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́sọ́nà ni Ọlọ́run ń ṣe, kí wọ́n pè é ní ìbáwí. Bí ó bá jẹ́ sísan padà, ẹ̀san ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ló fi ìyà jẹ ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà láti inú Ìwé Mímọ́, kí ó sì pè é ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ìpọ́njú ni kó pè é.