Ọmọ ń dàgbà, aṣọ ń kúrú: ìtàn aṣọ ọmọdé ní ilẹ̀ wa

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ yín ni a mú wá lónìí. Ẹ wo ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Aṣọ tí ẹ rán fún un ní èṣín, ṣé ó ṣì bò ó lórúnkún? Kò bò ó mọ́. Aṣọ náà kò gbó, kò sì ya. Ọmọ ni ó dàgbà.

Láti ọmọ ọdún 5 títí dé ọdún 10, ọmọ tí ó ń jẹun dáadáa máa ń ga sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ́dọọdún. Bí ilé bá ní ọmọ mẹ́rin, ẹ mọ ohun tí èyí ń jẹ lápò òbí. Ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe é.

1. Aṣọ tí wọn kì í gé

Láyé àwọn ìyá ńlá wa, ọmọ kékeré kì í wọ aṣọ púpọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni ti ọmọbìnrin, títí yóò fi tó tòbí í wọ̀. Bàǹtẹ́ ni ti ọmọkùnrin. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Oòrùn mú, aṣọ sì ṣọ̀wọ́n.

Kí ló dé tí aṣọ fi ṣọ̀wọ́n? Ẹ rántí ibi tí ó ti ń wá. Wọ́n á gbin òwú, wọ́n á ká a, wọ́n á yọ kóró rẹ̀. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ran án di fọ́nrán. Àwọn obìnrin á hun kíjìpá nínú ilé. Àwọn ọkùnrin á hun aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì rán an pọ̀ kí ó tó fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sí aró. Ẹni tí ó bá ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí kì í yá a lára láti fi ọ̀bẹ gé aṣọ.

Ìdí nìyí tí ìró fi jẹ́ aṣọ ọlọ́gbọ́n. Ìró kò ní ìwọ̀n. Bí ọmọ bá kéré, a ṣẹ́ ẹ po. Bí ó bá dàgbà, a tú u sílẹ̀. Bí ti ìyá bá sì gbó létí, àárín rẹ̀ á di ti ọmọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà àgbà ni ọmọdé fi ń rí aṣọ wọ̀.

2. Bí máṣíìnì ṣe dé

Aṣọ òyìnbó ti ń gba etíkun wọlé tipẹ́tipẹ́, láti Wida, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé sí àwọn ìlú wọ̀nyí. Aránṣọ pọ̀ nínú wọn. Lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí aṣọ tí a gé mọ́ ara.

Àwọn Faransé gba Àgbómè ní ọdún 1892. Ní ọdún 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà reluwé láti Kútọnu. Kí ó tó di ọdún 1914, ó ti gba Ìdàáṣà dé Ṣábẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù etíkun ṣe túbọ̀ sún mọ́ àwa ará òkè.

Ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní ọdún 1830, Faransé kan tí ń jẹ́ Barthélemy Thimonnier gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń ránṣọ. Ní 1831, àwọn aránṣọ ìlú Paris ya wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oúnjẹ yóò bọ́ lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1851, Isaac Singer gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1856 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbà kí ènìyàn san owó náà díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ra ọjà láwìn. Èyí ni ó mú kí máṣíìnì dé ọwọ́ àwọn tí kò lówó púpọ̀.

Ẹlòmíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Aránṣọ ni Ebenezer Butterick ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, bébà tí a fi ń gé aṣọ kì í ní ju ìwọ̀n kan lọ. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ fún ọmọ wọn kékeré, ó sì rojọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ìwọ̀n náà kò bá ọmọ mu. Ní ọdún 1863, Butterick bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ẹ ò rí i? Ẹjọ́ tí ìyá ń rò ní Bantè ni ìyá ń rò ní Amẹ́ríkà. Lónìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ wa ń fi bébà àpò sìmẹ́ńtì kọ́ aṣọ gígé. Ọgbọ́n kan náà ni.

3. Kákí ilé ìwé

Ilé ìwé dé, ó mú aṣọ tirẹ̀ dání. Kákí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ ń wọ̀. Kò ṣe é ṣẹ́ po bí ìró, owó rẹ̀ sì ń bọ̀ pẹ̀lú owó ìwé. Ọmọ tí kákí rẹ̀ fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ìwé á sì sú u. Ẹ má jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 6 lé ọmọ yín kúrò nílé ìwé.

Àwọn kan ń ra àlòkù, irú èyí tí ó kún ọjà Missèbo ní Kútọnu. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni a rán fún ìlú òtútù: ó nípọn, ó ń mú ooru. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òwú wọn pọ̀ jù ní Áfíríkà! Ọjọ́ pẹ́ tí òwú wa ti ń lọ sí òkè òkun láìdi aṣọ. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ nínú rẹ̀ rán aṣọ ní Glo-Djigbé.

4. Ọgbọ́n tí a rí kọ́

Aṣọ tí a bá gé náà lè dàgbà bí ìró, bí a bá fi àyè sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wù ọmọbìnrin fún ìgbà ẹ̀rùn, tí a fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán.

Ẹ wọn ọmọ láti èjìká dé orúnkún. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ gé 70: ẹ fi 2 rán èjìká, kí ẹ sì fi 8 ṣẹ́ etí nísàlẹ̀. Ẹ wọn àyà rẹ̀ yípo. Bí ó bá jẹ́ 56, ẹ fi 20 kún un kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó di 76: iwájú 38, ẹ̀yìn 38.

Lójú abẹ́rẹ́ gbọọrọ ni kí ẹ fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí náà, kí ó lè rọrùn láti tú. Lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ tú u, kí ẹ sì tún un ṣẹ́ sí sẹ̀ǹtímítà 2. Aṣọ á gùn sí i ní 6. Bí ojú ìṣẹ́tí àtijọ́ bá hàn, ẹ fi ọ̀já aṣọ aláwọ̀ mìíràn bò ó. Á di ọ̀ṣọ́. Ní ti ṣòkòtò, ẹ fi rọ́bà sí ìbàdí dípò bọ́tìnì, kí ẹ sì fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tí ẹ ti kọ́ ní kíláàsì, iṣẹ́ wọn dé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Ìyá ńlá wa fi orí rántí. Ẹ̀yin ti mọ̀wé.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín:
– Kí ló dé tí àwọn àgbà kì í fẹ́ gé aṣọ?
– Kí ni ó mú kí àwọn aránṣọ Paris fọ́ ẹ̀rọ?
– Bí ọmọ yín bá jẹ́ 66 láti èjìká dé orúnkún, mélòó ni ẹ ó gé?