Hándù Bẹ́ljíọ̀mù: Bí Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Mọ́tò Ṣe Fi Irin Sílẹ̀

Ẹ máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú, Ugbolokposo nìyí, kò sí iná látàárọ̀. Mo ṣèlérí pé màá sọ ìtàn bí mọ́tò tòkunbọ̀ ṣe gba ìlú wa. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ gbà wọnú ọ̀rọ̀ náà, tìta, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hándù. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ká tó bẹ̀rẹ̀.

Jíìpù tí mò ń wà, 1999 ni wọ́n ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, hándù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lọ bá àwọn tó ń ta páàtì ní Effurun. Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé Bẹ́ljíọ̀mù ni àbí Taiwan?" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni páàtì tí wọ́n tú lára mọ́tò àlòkù láti òkè òkun. Taiwan ni àdàkọ tuntun, ì báà jẹ́ China ló ti wá. N kò tiẹ̀ ronú. Mo ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí bàbá mi ṣe máa dáhùn gan-an nìyẹn.

Ibo ni bàbá mi ti kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká padà sí 1975. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn l'Ékòó, ọkọ̀ tí a ń pè ní ìjàpá. Irin ni hándù mọ́tò ìgbà yẹn, wọ́n fi kúróòmù bò ó, ó ń dán yinrinyinrin. Bàbá mi ní Peugeot 504. Láti Òṣogbo ló ti wá ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní iléeṣẹ́ irin Aladja, tí wọ́n ṣí ní 1982. (Ẹ̀yin ará Òṣogbo á rántí pé irin Aladja ni wọ́n ń kó wá fún iléeṣẹ́ irin tiyín.) Títí bàbá mi fi ta mọ́tò yẹn, hándù rẹ̀ dípẹtà, kúróòmù rẹ̀ bó, àmọ́ kò kán.

Nígbà tó di 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní 1987, ó ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti fi to mọ́tò di ọ̀wọ́n, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ tíṣà àti nọ́ọ̀sì. Bí àlòkù Yúróòpù ṣe rọ́ dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn gba èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù wá sí Kùtọnu, wọ́n sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. A fún wọn lórúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé. Ẹ fiyè sí i, orúkọ ìkẹ́ ni tòkunbọ̀. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀, síbẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kò kúrò lẹ́nu ọlọ́jà, kódà bí páàtì náà bá ti Amẹ́ríkà wá.

Àwọn bàbá wa kò ṣìnà. Ẹ́ńjìnnì tó rin ọ̀nà tó dáa, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, irin rẹ̀ ṣì le gan-an. Àdàkọ tuntun lè má pé ọdún. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti ń fi rọ́bà líle rọ́pò irin lára hándù díẹ̀díẹ̀, torí pé ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ṣeé kùn ní àwọ̀ mọ́tò. Rọ́bà kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ń gbó. Oòrùn ń gbẹ ẹ́, mọ́tò ì báà rìn, ì báà dúró. Hándù Bẹ́ljíọ̀mù tí mo fowó rà yẹn, ẹgbẹ́ èyí tó kán ni! Ọgbọ́n irin ni mo fi ra rọ́bà.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó tún kán. Mo bá fi í sílẹ̀. Ṣebí a lè gba òdìkejì wọlé? Ohun tí mo gbàgbé ni child lock, irin kékeré etí ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣí i látinú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Sápẹlẹ̀, èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń fà á nínú, mo ń fà á níta, ilẹ̀kùn kò dáhùn. Lápá òsì, tírélà ń sáré kọjá, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn síyẹn? Ilẹ̀kùn iwájú ni mo ṣí, mo wọ́ ọmọ náà gba àárín àga méjèèjì jáde, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, rewáyà ní wáyà rédíò lásán ló jó. Lásán! Ọwọ́ mi kò yé gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì mi, ọmọ Urhobo, jókòó sínú ọkọ̀ tú pátákó inú ilẹ̀kùn náà, torí kò ṣeé ṣí. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló di hándù mú, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ bá lọ́ọ̀kù. Ó ní kí n fọwọ́ kan lọ́ọ̀kù yẹn. Ó gan, eruku àti ìpẹtà ti dì í. Gbogbo ìgbà tí a bá ń fagbára fa ilẹ̀kùn, hándù ló ń jẹ ìyà lọ́ọ̀kù. Ó fọ̀ ọ́, ó fi gíríìsì sí i. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó fi sukurudiráfà ti lọ́ọ̀kù náà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ó fa hándù wò, ó rí i pé ó tú. Ẹ ní kí tiyín máa ṣe bẹ́ẹ̀ o, kí ilẹ̀kùn má baà há mọ́ yín lọ́wọ́. Mo sì ní kó pa child lock yẹn.

Taiwan ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá mi ì bá bá mi jà. Dúdú ni, jíìpù mi sì jẹ́ àwọ̀ góòlù, ìyàwó mi ní ó dà bí eyín tó ṣófo lẹ́nu arẹwà. N kò tíì kùn ún. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wa 404 tàbí ìjàpá, ẹ bá wa sọ bí hándù tiyín ṣe ṣe sí. Ẹ ò gbọ́ nǹkan, jẹnẹrétọ̀ ti kú. Ó dàárọ̀ o.