Wò tàbí Jó? Orúkọ Ìwòsàn Olótùútù ní Pira

Ní Pira, ọyẹ́ ni òtútù tí awọ ara mọ̀ jù: ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, a ó sì fi òrí pa á. Ta ni yóò gbà níbẹ̀ pé òtútù ń wo awọ ara sàn?

Ní nǹkan bí 1850, James Arnott po yìnyín mọ́ iyọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e lé kókó jẹjẹrẹ kí ìrora lè dín kù. (Àwa, ojú ọ̀run ni yìnyín ti ń bọ́ sí wa kí fíríìjì tó dé.) Ní 1899, Campbell White lo afẹ́fẹ́ olómi fún àrùn awọ ara ní New York, ní 1950, Allington gba náítírójìn olómi wọlé, tí òtútù rẹ̀ tó -196°C.

Òtútù yìí kì í tuni lára. Ó ń pa ẹran ara ni, ojú ibẹ̀ á sì lé ròrò bí ẹni pé iná jó o. Nítorí náà, "fi òtútù jó" ni mo fara mọ́, n kò fẹ́ "fi òtútù wò". Ohun tó sọ awọ wa di dúdú ló máa ń kọ́kọ́ kú, ní nǹkan bíi -5°C péré. Àpá funfun lè ṣẹ́ kù, kí ará ilé máa pè é ní ẹ̀tẹ̀. Aláìsàn tó bá gbọ́ "jó" yóò béèrè àpá kí ó tó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.